Òkúta Tí Ọmọ Ṣáínà Rù Nítorí Bàbá Àgbà

Bàbá àgbà mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn gbé ẹrù. Bí a bá ń ti ọjà bọ̀, tí Mọ́mì bá ní kí n gba àpò ìrẹsì lọ́wọ́ wọn, ìjà ló máa ń dà. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà náà o. Wọ́n á ká síkáàfù ọrùn wọn róbótó, wọ́n á fi ṣe òṣùká, wọ́n á gbé àpò náà ka orí, ó di ibùdókọ̀. Wọn kì í fi ọwọ́ kàn án. Gbogbo títì Powis Street ní London á dúró wò. Àwọn ọmọ tí a jọ ń lọ sí sukúù á yọ fóònù. Èmi á rọra fà sẹ́yìn bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́," Mọ́mì á ní, "everybody ló ń wò wá."

Bàbá kì í yíjú, torí ẹni tó ru ẹrù kì í ṣàdédé yíjú. "Jẹ́ kí wọ́n máa wò. Ojú tí wọ́n fi ń wò mí kò wúwo."

Wọ́n ti lọ báyìí. Èmi ò kàwé púpọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi sukúù sílẹ̀, ọkọ̀ tí a fi ń kó páálí lọ sílé onílé ni mò ń wà ní Thamesmead àti Abbey Wood, nítorí náà ẹ bá mi fojú fo àṣìṣe inú èyí. Kì í ṣe ìtàn ayé wọn ni mo fẹ́ kọ, mi ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n tán. Mo mọ̀ pé Ìkìrun ni wọ́n bí wọn sí, pé wọ́n bá òyìnbó lọ sógun Bọ́mà nígbà Hitler, pé iṣẹ́ káfíńtà ni wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n dé, pé lẹ́yìn tí Màmá àgbà kú ni Mọ́mì mú wọn wá sí London. Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé nǹkan kan ṣoṣo ni Bàbá ní kí n bá wọn sọ fáyé gbọ́, ẹnu mi ló sì kọjá, mi ò sọ ọ́. Ó ti rẹ̀ mí láti máa gbé e mọ́ra.

Bí èèyàn bá gbọ́ pé sójà Bọ́mà ni wọ́n, ọ̀rọ̀ ìbọn ló máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n. Bàbá ò yìnbọn fún ẹnikẹ́ni. Alárù ni wọ́n. Níbi tí wọ́n wà, kò sọ́nà ọkọ̀, igbó ni, òkè ni, ẹrẹ̀ ni. Orí ni àwọn ọmọ Nàìjíríà fi ń ru ọta, oúnjẹ àti oògùn tẹ̀lé àwọn tó ń yìnbọn. Ó máa ń bí wọn nínú tí wọ́n bá pè wọ́n ní akọni. Ní ọjọ́ ìdúpẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tó wà láàárín àwọn ilé ìkẹ́rùsí ní Thamesmead, alàgbà tó ń wàásù na ọwọ́ sí wọn, ó ní ẹ wo akọni tó pa àwọn ará Jàpáàn bí ẹni ń pa eṣinṣin. Gbogbo ìjọ pariwo halelúyà. Bàbá dìde lórí ẹsẹ̀ lásán, wọ́n dúró títí ariwo fi rọlẹ̀.

"Alàgbà, ẹ dákun. Ìrẹsì ni mo rù. Bí ẹnikẹ́ni bá kú sí mi lọ́wọ́, ìrẹsì ló pa á."

Èmi pẹ̀lú wọn náà, ìjà wa ò tán. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mo dé ìlú yìí, kò sì pẹ́ tí "ẹ" fi kúrò lẹ́nu mi. "Grandpa, ṣé o ti jẹun?" Bàbá á bojú wẹ̀yìn, wọ́n á wo ẹ̀yìn àga, wọ́n á wo abẹ́ tábìlì. "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀? Ọ̀rẹ́ rẹ ti jáde lọ." Tí mo bá tún un sọ dáadáa, ìgbà yẹn ni wọ́n á tó dáhùn pé àwọn ti jẹun. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ páálí, tí mo ń kérora ẹ̀yìn lójoojúmọ́, wọ́n ní kí n lọ gbé páálí kan wá láti inú ọkọ̀, kí n máa gbé e lọ gbé e bọ̀ ní kọ́rídọ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wò mí bí olùkọ́.

"Má fẹ̀yìn gbé e. Wo ibi tí wàá sọ ọ́ sí kí o tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹrù kì í pa alárù. Ìkánjú ní ń pa á."

Ohun tó ń dójú tì mí jù lára wọn ni sàlúù. Gbogbo ọmọ Ṣáínà tí Bàbá bá rí ni wọ́n máa ń fọwọ́ kan orí kí bíi sójà. Wọ́n kí dókítà. Wọ́n kí ọkùnrin tó ń gbálẹ̀ ní ibùdó rélùwéè. Lọ́jọ́ kan wọ́n kí ọmọbìnrin kan tó ń bọ̀ tòun ti ẹ̀rọ orin létí. Ọmọ náà wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíì ni wọ́n ń kí. Nígbà tó rí i pé òun ni, ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ náà sórí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì lọ.

"Grandpa, that's embarrassing, man. Kì í ṣe gbogbo wọn ni sójà o."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ kí gan-an, mi ò mọ ibi tó wà. Kò yẹ kí ìkíni náà bàjẹ́ sí mi lápá."

Ọkùnrin kan wà tó ń ta oúnjẹ Ṣáínà lẹ́bàá ilé wa, Mister ni gbogbo wa ń pè é. Bàbá ò fẹ́ràn oúnjẹ rẹ̀, wọ́n ní kò láta, síbẹ̀ wọ́n máa ń lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì ibẹ̀. Nígbà tí èdè òyìnbó tí wọ́n kọ́ lójú ogun ṣì wà lẹ́nu wọn, wọ́n bi Mister léèrè níbo ni bàbá rẹ̀ wà nígbà ogun Hitler. Mister nu ọwọ́ rẹ̀, ó wolẹ̀. Ó ní bàbá òun ò tíì ju ọmọ ọwọ́ lọ, bàbá bàbá òun ló bá Jàpáàn jà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogun yẹn, àwọn ọmọ Ṣáínà kọjú ìjà síra wọn, ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí bàbá àgbà òun wà nínú rẹ̀ ló pàdánù, àwọn tó ṣẹ́gun wọn ló sì gbàjọba. Láti ìgbà náà, ẹnìkan ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ nílé wọn pé ó jagun rí. Fọ́tò kan ṣoṣo tó fi aṣọ sójà yà, ìyá Mister ló fọwọ́ ara rẹ̀ sun ún, kó má baà kó bá wọn.

Bàbá dìde, wọ́n kí i bíi sójà, a jáde. A ti dé ẹnu ọ̀nà ilé kí wọ́n tó la ẹnu.

"Àwọn sójà Ṣáínà, wọn ò dárúkọ wọn níbí, wọn ò sì dárúkọ wọn nílé. Níbo ni kí wọ́n wá dúró sí?"

Ẹni tí Bàbá fẹ́ kí gan-an rèé. Mo ti gbọ́ ìtàn náà tó láti fi ojú oorun sọ ọ́. Òjò ti ń rọ̀ láti ìjẹta. Àpótí oògùn ni wọ́n gbé lé Bàbá lórí, àwọn tó fara gbọgbẹ́ ń retí rẹ̀ níwájú. Ibà mú wọn lójú ọ̀nà. Àwọn alárù yòókù ń kọjá lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí wọn ò fi rí ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹsẹ̀ kọ̀, wọ́n sọ àpótí kalẹ̀, wọ́n jókòó tì í sínú òjò, wọ́n ń sunkún. Alárù ọmọ Ṣáínà kan ni ó ń ti iwájú bọ̀. Àwọn ọmọ Ṣáínà wà nínú igbó kan náà, ọ̀tá kan náà ni wọ́n jọ ń bá jà. Bàbá máa ń tẹnu mọ́ ọn pé wọ́n ti ń bá Jàpáàn jà nílẹ̀ tiwọn kí àwa ní Ìkìrun tó gbọ́ pé ogun ń bọ̀. Ọkùnrin yìí ti já ẹrù tirẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, ó ń padà lọ sinmi.

Ó dúró. Ó wo Bàbá, ó wo àpótí. Bàbá fi òṣùká lé e lórí, ó gbìyànjú, àpótí fẹ́ já bọ́, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín nínú òjò yẹn. Àwọn ọmọ Ṣáínà kì í fi orí rù ú. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń mì jọ̀wọ̀jọ̀wọ̀ ni wọ́n máa ń gbé kọ́ èjìká, ẹrù á rọ̀ níwájú, ẹrù á rọ̀ lẹ́yìn. Ó so àpótí mọ́ ìkángun kan igi náà. Kò sí ohun tó máa rọ̀ sí ìkejì, igi ń fì. Ló bá sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú odò kan nítòsí, ó wá òkúta tó tó àpótí náà, ó fi okùn dè é, ó so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì, ó gbé gbogbo rẹ̀ kọ́ èjìká, ó kọjú padà sí ọ̀nà tó ti gbà wá. Bàbá di ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀ mú, wọ́n ń wọ́ tẹ̀lé e. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ó sọ àpótí, ó sọ òkúta, ó fọwọ́ gbá òkúta náà pẹ́pẹ́ bí ẹni ń kí i kú iṣẹ́. Ó fọwọ́ kan àyà ara rẹ̀, ó dárúkọ. Bàbá ń pè é tẹ̀lé e títí ó fi mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó padà sínú òjò. Wọn ò fojú kan ara wọn mọ́. Bàbá ò mọ̀ bóyá ó délé.

Mo bi wọ́n rí pé kí ló dé tí kò kàn gbé àpótí lápá. Wọ́n ní, "Ìrìn ọ̀sán gbáko nínú ẹrẹ̀? Kálukú ló ní ibi tí ara rẹ̀ mọ ẹrù sí." Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ẹrù tèmi wúwo tó. Ó tún ru òkúta mọ́ ọn."

Tó bá di oṣù kọkànlá, tí gbogbo ìlú yìí bá fi òdòdó pupa sáyà láti rántí àwọn tó kú sógun, Bàbá náà á fi tiwọn sára sùtánà funfun. Wọ́n á kúnlẹ̀ nídìí àbẹ́là, wọ́n á dárúkọ ọkùnrin náà wúyẹ́wúyẹ́ nígbà mẹ́ta. Alàgbà bi wọ́n pé, "Bàbá, ṣé onígbàgbọ́ ni?"

"Lọ́jọ́ tó ru ẹrù mi, kò bi mí bóyá mo ti ṣèrìbọmi."

Nígbà tó yá, àrùn rọpárọsẹ̀ fọwọ́ bà wọ́n. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo òyìnbó kúrò lẹ́nu wọn. Dókítà ní ó máa ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Yorùbá nìkan ló ṣẹ́ kù sí wọn lẹ́nu. Ọdún yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ kan ládùúgbò Woolwich ń pe àwọn àgbàlagbà tó ti ilẹ̀ òkèèrè jagun rí, pé kí wọ́n wá sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn kan. Janet ni obìnrin tó wá sílé wa. Bàbá fetí sí i, wọ́n mi orí, wọ́n kọjú sí mi.

"Ìwọ lo máa ṣe ògbufọ̀ mi. Ohun kan péré ni mo fẹ́ sọ níbẹ̀."

Mi ò bi wọ́n pé kí ni. Mo mọ̀ ọ́n.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ní oṣù kọkànlá ni. Janet fi máìkì kékeré há ọrùn ẹ̀wù mi, torí òyìnbó ni àwọn èèyàn fẹ́ gbọ́, wọ́n sì ń ká a sílẹ̀. Bàbá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní alárù làwọn. Mo sọ ní òyìnbó pé sójà inú igbó ni wọ́n. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ibà, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ àpótí. Mo sọ ìyẹn. Wọ́n wá dìde, wọ́n gbé igi tí kò sí níbẹ̀ kọ́ èjìká, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbé òkúta, gbogbo gbọ̀ngàn ń wo ọwọ́ wọn, wọ́n sì ń retí mi. Mo ní ibà dá wọn wó, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìgboyà wọ́n dìde, wọ́n sì ru àpótí náà débi tó ń lọ.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá wò mí.

Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. Wọ́n fọwọ́ kan àyà, wọ́n dárúkọ ọkùnrin náà. Mo ní wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Wọ́n tún dárúkọ rẹ̀, sókè. Mo ní wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín náà. Àtẹ́wọ́ tún ta.

Mo ti bi ara mi ní ìdí rẹ̀ léraléra. Mo ní iṣẹ́ ní aago mẹ́rin, òótọ́ ni, mo ń wo aago. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan. Bàbá òyìnbó kan wà níwájú tí mẹ́dàlì kún àyà rẹ̀, mo sì fẹ́ kí tèmi ga tó o. Èmi tí mo máa ń fà sẹ́yìn ní Powis Street, lọ́jọ́ yẹn mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ ọmọ wọn ni mí. Ẹni tí ẹlòmíràn bá ru ẹrù rẹ̀ kò ní ga tó. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn.

Nínú bọ́ọ̀sì, a ti kọjá Plumstead kí Bàbá tó fọwọ́ tọ́ mi lórúnkún.

"Òyìnbó kú lẹ́nu mi, etí mi ò kú o."

Ojú mi gbóná. "Ẹ má bínú, Grandpa."

"Mi ò bínú. Ìwọ lo sọ̀rọ̀ lónìí. Èmi ò tíì sọ̀rọ̀."

Mo ní a máa padà lọ lọ́dún tó ń bọ̀, màá sọ ọ́ bó ṣe yẹ. Wọ́n ní ó dáa. Nígbà tí oṣù kọkànlá tún dé, wọ́n bi mí pé, "Ọjọ́ wo là ń lọ?" Mo ti gba overtime. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, orí ibùsùn ni wọ́n wà, mò ń fún wọn lómi mu. "Ọjọ́ wo?" Mo ní, "Ẹ sinmi ná." Wọn ò bi mí lẹ́ẹ̀kẹta. Wọ́n sinmi lóòótọ́, kí ọdún tuntun tó gbó.

Níbi ìsìnkú, alàgbà ní akọni tó pa àwọn ará Jàpáàn ti sùn. Kò sẹ́ni tó dìde dá a lóhùn. Mo jókòó, ọwọ́ mi wà lórí itan.

Lẹ́yìn oṣù kan mo lọ bá Janet. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un, àti alárù, àti igi èjìká, àti òkúta. Kò bá mi wí. Ó fi fọ́tò Bàbá hàn mí lára ògiri ọ́fíìsì wọn, irọ́ tí mo pa ni wọ́n kọ sísàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní àwọn máa yọ ọ́, àwọn máa kọ òmíràn, ọmọ Ṣáínà náà máa wà nínú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó mú bírò, ó ṣí ìwé.

"Kí lorúkọ ọkùnrin náà?"

Mo la ẹnu. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo ti gbọ́ orúkọ náà nígbà tí kò lóǹkà, mi ò sì dì í mú rí.

Mọ́mì ń tò àwo nígbà tí mo délé. "Orúkọ rẹ̀ kẹ̀? Ọ̀rẹ́ Daddy ni gbogbo wa ń pè é." Ó dúró. "Ṣé ìwọ kọ́ lo ṣe ògbufọ̀ ni?" Mo lọ bá alàgbà. Ó ní wúyẹ́wúyẹ́ ni Bàbá máa ń ṣe é, Ọlọ́run nìkan ló ń gbọ́. Mister ti ta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ti kó lọ. Níkẹyìn Janet rántí ohun tí wọ́n ká sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi.

Mo dá ọkọ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì Belmarsh lọ́sàn-án, páálí kún ẹ̀yìn mi, mo tẹ̀ ẹ́. Ọrùn mi ni máìkì wà. Ohùn Bàbá jìnnà bí ohùn ẹni tó wà ní yàrá kejì, tèmi mọ́ gaara. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ òjò, mo gbọ́ ọ. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ òkúta. Wọ́n ní, "Ó fọwọ́ kan àyà, ó ní orúkọ òun ni..." Ibẹ̀ gan-an ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo dúró de ìgbà kejì, èyí tí wọ́n sọ sókè. Èmi náà ti gbóhùn sókè nígbà yẹn, kí gbọ̀ngàn lè gbọ́ mi. Mo dá a padà. Mo dá a padà títí mi ò fi kà á mọ́. Mo gbé fóònù mọ́ etí, mo yí ohùn rẹ̀ lọ sókè dé òpin.

Ohùn tèmi nìkan ló ń ròkè sí i.